Ẹ Ka Orúkọ Ìlú Láti Ìdí: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Santiago

Bí ẹ bá ṣí ìwé àtòjọ orúkọ ìlú àgbáyé sí abẹ́ lẹ́tà S, tí ẹ dé ibi tí wọ́n kọ Santiago sí, ẹ ó rí i pé kì í tán bọ̀rọ̀. Santiago ti Chile wà níbẹ̀, ti Kúbà wà níbẹ̀, ti Panama, ti Argentina, ti Dominican Republic, títí dé èyí tó ṣáájú gbogbo wọn, Santiago de Compostela ní Galicia, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Sípéènì. Àwọn tó ń ṣe irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn pé ẹni mímọ́ kan náà, Jákọ́bù àpọ́sítélì, ni wọ́n fi sọ gbogbo ìlú wọ̀nyí lórúkọ. Ó parí. Wọ́n bọ́ sí orúkọ tó kàn.

Ọ̀rọ̀ tèmi ni pé kò tíì parí. Àtòjọ wúlò o, mi ò sọ pé kò wúlò. Ẹni tó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Kúbà kò ní fẹ́ kí ó balẹ̀ sí Chile. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tò ó ń kọ́ wa ní ìwàkuwà kan: ó ń kọ́ wa láti máa ka orúkọ láti orí, ká sì já ìdí rẹ̀ sọnù. Ẹ̀kọ́ méjì ni àwọn èèyàn wá ń rí kọ́ nínú rẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn ará Sípéènì kò mọ orúkọ sọ, pé ọpọlọ wọn gbẹ ni wọ́n ṣe ń pe ìlú kan náà ní igba ìgbà. Àwọn kejì á ní orúkọ ẹni mímọ́ ti pa orúkọ àwọn tó ni ilẹ̀ rẹ́ pátápátá, kò kù síbì kan. Mo rò pé àwọn méjèèjì ń ka nǹkan kan náà, wọ́n sì ń kà á láti ibi tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ èmi ti wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá mọ Bíbélì Yorùbá ní àǹfààní kan tí ẹni tó ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Nínú Bíbélì wa, Jákọ́bù ni baba ẹ̀yà méjìlá Ísírẹ́lì, Jákọ́bù náà sì ni ọmọ Sébédè, arákùnrin Jòhánù. Orúkọ kan náà ni lóòótọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló pín in sí méjì, tó pe ti àkọ́kọ́ ní Jacob, tó pe ti ìkejì ní James, tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì kò fi mọ̀ mọ́ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Nínú èdè Látìnì, Iacobus ni. Ní ilẹ̀ Faransé, ó di Jacques. Àwọn ará Catalonia sọ ọ́ di Jaume. Ní ilẹ̀ Sípéènì, ó di Jacobo, ó di Jaime, ó sì di Yago. Nígbà tí wọ́n wá fi Sant, tó túmọ̀ sí ẹni mímọ́, síwájú Yago, ẹnu gbé méjèèjì pọ̀, ààlà tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì pòórá. Bí "ilé" àti "ìwé" ṣe wọnú ara wọn lẹ́nu wa tí wọ́n di "iléèwé", bẹ́ẹ̀ náà ni Sant àti Yago ṣe di Santiago.

Nígbà tí ààlà bá ti pòórá, ẹni tó bá tún fẹ́ là á lè là á sí ibi tí kì í ṣe ojú ibi tó ti so pọ̀. Àwọn tó ń sọ èdè Pọtogí gbọ́ ọ bíi São pẹ̀lú Tiago, ni Tiago bá di orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ títí dòní. T tó wà níwájú Tiago kì í ṣe tirẹ̀ rárá; ti "ẹni mímọ́" ni. Ní ti èdè Sípáníìṣì, àwọn èèyàn kò gbọ́ "ẹni mímọ́" nínú Santiago mọ́. Wọ́n ń sọ ọmọkùnrin ní Santiago bí ẹni sọ ọmọ ní Pedro, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sọ ọmọ ní San Pedro.

Diego ńkọ́? Àwọn kan gbà pé láti inú Santiago ló ti já bọ́, gẹ́gẹ́ bíi Tiago. Àwọn mìíràn kọ̀, wọ́n ní àwọn ìwé Látìnì àtijọ́ ń kọ Diego ní Didacus, èyí tí kò jọ Iacobus. Àríyànjiyàn náà wà síbẹ̀. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé San Diego ti California kì í ṣe ìlú Jákọ́bù. Ní 1542, Cabrillo dé èbúté yẹn, ó sọ ọ́ ní San Miguel. Ní 1602, Vizcaíno dé, ó yí i padà sí San Diego, fún Diego de Alcalá, ajíhìnrere Franciscan kan tó kú ní 1463. Nítorí náà, ẹni tó bá fi San Diego kún àwọn Santiago nítorí pé ó gbọ́ pé Diego àti Tiago bára tan, ó ti gbé ọmọ ọlọ́mọ fún bàbá tí kò bí i.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń sọ ìlú lórúkọ. Àwa a máa ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn jagunjagun Sípéènì, kàlẹ́ńdà ni wọ́n sábà ń wò. Ọjọ́ ẹni mímọ́ tí wọ́n bá dá ìlú sílẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ wọn bá kan ilẹ̀, orúkọ ẹni mímọ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ń mú. Kò yẹ kí èyí ya àwa tó ń sọ ọmọ ní Abíọ́dún lẹ́nu. Ọjọ́ 25 oṣù Keje ni àjọ̀dún Jákọ́bù. Ọjọ́ yẹn ní 1524 ni Pedro de Alvarado dá Santiago ti Guatemala sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ní 1536 ni Cali ní Colombia ń kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ yẹn ní 1567 sì ni Caracas ní Venezuela ń kà sí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà kò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1541 ni Pedro de Valdivia dá Santiago ti Chile sílẹ̀, àjọ̀dún Jákọ́bù ṣì ku oṣù márùn-ún ó lé. Jákọ́bù tó wà lọ́kàn Valdivia ni Jákọ́bù ológun, alátìlẹ́yìn àwọn ọmọ ogun Sípéènì. Ní Dominican Republic, Santiago de los Caballeros, Santiago ti àwọn ẹlẹ́ṣin, ni wọ́n ń pe ìlú náà, ìtàn tí wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ ni pé ọgbọ̀n ọmọ ẹgbẹ́ jagunjagun ẹlẹ́ṣin ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀. Ẹ wo ìdí mẹ́ta lábẹ́ orúkọ kan: ọjọ́ àjọ̀dún, ogun, àti ẹgbẹ́. Àtòjọ fi "ẹni mímọ́ kan náà" bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bọ̀ rèé. Àwọn ìlú wọ̀nyí kò jẹ́ Santiago lásán nígbà tí wọ́n bí wọn. Gbogbo wọn ló ní orí, gbogbo wọn ló sì ní ìdí. Santiago del Nuevo Extremo ni Valdivia pe tirẹ̀, nítorí pé Extremadura ni wọ́n ti bí i. Caracas jẹ́ Santiago de León de Caracas: Santiago fún àpọ́sítélì, León fún gómìnà Pedro Ponce de León, Caracas fún àwọn èèyàn tí wọ́n bá nínú àfonífojì yẹn. Cali jẹ́ Santiago de Cali, Guayaquil ní Ecuador jẹ́ Santiago de Guayaquil, Querétaro ní Mẹ́síkò sì jẹ́ Santiago de Querétaro títí di òní nínú ìwé ìjọba.

Ẹ wá fetí sí ohun tí ẹnu àwọn ará ìlú ṣe. Ní Chile, ìdí já, orí kù: Santiago ni gbogbo ayé ń pè é. Ní Caracas, Cali, Guayaquil àti Querétaro, orí ló já, ìdí ló kù. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun ń lọ sí Santiago nígbà tó bá ń lọ sí Caracas. Mo gbà pé ìdí rẹ̀ kò le. Ohun tó bá ń ya nǹkan sọ́tọ̀ ni ẹnu ń dì mú. "Nuevo Extremo" jẹ́ àárò ilé ọkùnrin kan. Lẹ́yìn tó kú tán, ta ló tún nílò rẹ̀? Ṣùgbọ́n Caracas, Cali, Guayaquil ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn kí ẹlẹ́ṣin kankan tó dé, wọ́n sì wà lẹ́nu wọn lẹ́yìn tó dé.

Ìpínlẹ̀ Oaxaca ní gúúsù Mẹ́síkò ló fi èyí hàn kedere jù lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ 570 ló wà níbẹ̀, orúkọ ẹni mímọ́ ló sì wà lórí púpọ̀ nínú wọn. Santiago Jamiltepec wà, Santiago Juxtlahuaca wà, Santiago Pinotepa Nacional wà. Bí ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀, Jamiltepec, Juxtlahuaca àti Pinotepa lẹ ó máa gbọ́. Bí awakọ̀ bá ń ké "Santiago! Santiago!" láàárọ̀ ọjọ́ kan, èrò kò ní mọ ọkọ̀ tí wọn ó wọ̀. Iṣẹ́ orúkọ ni láti ya ìlú kan sọ́tọ̀ sí èkejì, ìdí sì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àtòjọ wá fi orí ṣe àkọlé, ó fi ìdí sí àárín àkámọ́ bí ẹni fi àlejò sí ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó tún burú jù ni pé, ẹni tó bá wá Caracas lábẹ́ Santiago kò ní rí i. Àtòjọ tó ní òun ń kó àwọn ìlú Jákọ́bù jọ ti pàdánù àwọn tí ọmọ wọn lágbára tó láti gba orúkọ ara wọn padà.

Orúkọ tún lè rìn. Santiago ti Guatemala tí mo dárúkọ bẹ̀rẹ̀ ní Iximché, ìlú àwọn Kaqchikel, ní 1524. Ní 1527 wọ́n kó o lọ sí Almolonga. Ní 1541 omi ya wá láti orí òkè, ó pa á run. Ní 1543 wọ́n tún un tẹ̀ dó sí àfonífojì Panchoy. Ní 1773 ilẹ̀ mì tìtì, ìjọba sì gbéra níbẹ̀ lọ sí ibi tí olú-ìlú Guatemala wà lónìí, tí wọ́n sọ ní orúkọ tuntun. Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn wọn ni wọ́n ń pè ní Antigua, Àtijọ́. Orúkọ kan, ilẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà kò sí orúkọ náà mọ́. Ìlà wo nínú àtòjọ ló fẹ́ gba èyí?

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó máa sọ pé: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ń fi ẹnu dídùn bo ìwà ipá mọ́lẹ̀." Rárá o. Orúkọ Santiago kì í ṣe orúkọ àlàáfíà. Àwọn ará Sípéènì sọ ìtàn pé Jákọ́bù yọ lórí ẹṣin funfun nínú ogun kan ní Clavijo ní 844, tó ń bá wọn pa Mùsùlùmí. Ìtàn àròsọ ni ogun yẹn, ṣùgbọ́n ère rẹ̀ kì í ṣe àròsọ: Santiago Matamoros, Jákọ́bù apa-Moor. Nígbà tí wọ́n kọjá òkun, ẹṣin náà kọjá pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní ó yọ ní Querétaro ní 1531, wọ́n ní ó yọ ní Cusco nígbà tí àwọn Inca dó ti ìlú náà ní 1536. Ní Perú, àwọn ère kan wà tí ẹni tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin kì í ṣe Mùsùlùmí mọ́, ará Andes ni. Ẹni tó bá sọ pé ìfọkànsìn lásán ló wà nínú orúkọ náà, kò tíì wo ère yẹn dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Pablo José de Arriaga, àlùfáà Jesuit kan, tẹ ìwé kan jáde ní Lima ní 1621 lórí bí wọ́n ṣe lè pa ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Perú rẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé bí àwọn ará Andes bá bí ìbejì, wọ́n máa ń ka ọ̀kan nínú wọn sí ọmọ mọ̀nàmọ́ná, wọ́n á sì sọ ọ́ ní Santiago. Ó wá wá ìdí rẹ̀. Kò gbà pé ó jẹ́ nítorí pé Jésù pe Jákọ́bù àti Jòhánù ní ọmọ àrá. Ọ̀kan nínú àwọn àlàyé tó mú wá ni pé, lójú ogun, àwọn ará Sípéènì a kọ́kọ́ ké "Santiago!", ìbọn á sì dún. Illapa ni àwọn onílẹ̀ ń pe àrá àti mọ̀nàmọ́ná, illapa náà ni wọ́n sì ń pe ìbọn. Wọ́n gbọ́ igbe, wọ́n rí iná, wọ́n gbọ́ ìró. Wọ́n mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú orúkọ mìíràn.

Kí ni ìjọ ṣe? Òfin tó wà nínú ìwé Arriaga yẹn kan náà kà á léèwọ̀ fún àwọn ará Andes láti jẹ́ orúkọ òrìṣà wọn tàbí orúkọ mọ̀nàmọ́ná, ó sì to Santiago mọ́ àwọn orúkọ tí wọn kò gbọdọ̀ jẹ́. Kí wọ́n máa jẹ́ Diego dípò rẹ̀. Ẹ tún un kà: ìjọ tó gbé ẹni mímọ́ yìí dé ka orúkọ rẹ̀ léèwọ̀ fún àwọn tó gbé e wá bá, nítorí pé wọ́n ti gbà á tán, ó sì ti di tiwọn. Òfin yẹn mọ ohun tí àtòjọ kò mọ̀. Ó mọ̀ pé Santiago ẹnu àlùfáà àti Santiago ẹnu ìyá ìbejì kì í ṣe orúkọ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́jọ kan náà ni.

Ó yẹ kí n fi ààlà sí ọ̀rọ̀ ara mi náà. Mo ní ká máa ka orúkọ láti ìdí, ṣùgbọ́n ìdí náà lè má jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ wo Santiago Atitlán létí adágún ní Guatemala. Àwọn Maya tó ń sọ Tz'utujil ló ń gbé ibẹ̀. Santiago jẹ́ ti Sípéènì. Atitlán ńkọ́? Èdè Nahuatl ni, ó ní í ṣe pẹ̀lú omi, àwọn ọmọ ogun láti Mẹ́síkò tó bá Alvarado wá ló sì mú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dé. Àwọn Tz'utujil ní tiwọn, Tz'ikin Jaay, Ilé Ẹyẹ. Orí jẹ́ ti àlejò, ìdí jẹ́ ti àlejò mìíràn, tonílé wà lábẹ́ méjèèjì. Ẹ sì wo Santiago del Estero ní Argentina, tí Francisco de Aguirre dá sílẹ̀ ní 1553. Sípáníìṣì ni orí rẹ̀, Sípáníìṣì ni ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá wo orúkọ nìkan á ní àwọn tó ni ilẹ̀ ti tán níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, títí di òní, àwọn èèyàn ń sọ Quichua ní ìpínlẹ̀ yẹn. Orúkọ ìlú jẹ́ ẹ̀rí, kì í ṣe ìdájọ́.

Ọ̀nà kan tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa gan-an wà ní Kúbà. Ní ẹ̀yìn odi Havana, ìlú kan ń jẹ́ Santiago de las Vegas. Oko tábà ni vegas tó wà nídìí rẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni El Rincón wà, níbi tí ìjọ San Lázaro wà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún, ogunlọ́gọ̀ èèyàn máa ń rìn lọ síbẹ̀, àwọn mìíràn a sì fi orúnkún wọ́lẹ̀ lọ láti san ẹ̀jẹ́. San Lázaro ni wọ́n ń wí létí àlùfáà. Àwọn Lukumí, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, mọ̀ ọ́n ní Babalú Ayé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí ìyá ìbejì ṣe ní Andes ni àwọn náà ṣe, láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ẹnì kejì. Bí ẹ bá wo àtòjọ, Santiago de las Vegas jẹ́ ìlà kan láàárín ọ̀pọ̀ ìlà, ẹni mímọ́ kan náà, ó parí.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó wà nídìí iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀, ìwé ìròyìn, ìtumọ̀ èdè àti kọ̀ǹpútà, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Bí fọ́ọ̀mù yín bá fẹ́ gé orúkọ ìlú kúrú, ẹ má ṣe jẹ́ kó máa gé e láti ìdí. Bí ẹ bá ń tò ó, ẹ kọ Caracas sábẹ́ Santiago náà, kẹ́ ẹ sì kọ Pinotepa sábẹ́ P kí ará Pinotepa lè rí ìlú rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ìlú mẹ́wàá tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ kò lọ́gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ilé wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn.